Lẹ́tà ṣíṣí sí Màmá Pìrìnsípà: Ẹ má jẹ́ kí ìtàn iṣẹ́ ọnà bá kọ́pà lọ

Màmá Pìrìnsípà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú làálàá orí àwọn ọmọ wa. Ìta gbangba ni mo gbé lẹ́tà yìí sí nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ tèmi nìkan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, ìṣẹ́jú méjì péré ni alága fún mi, mo sì ti fi ọ̀kan kí àwọn tó wà lórí ìjókòó. Ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ bí a ṣe ń kíni.

Èmi ni bàbá oní-férémù tó dìde lẹ́yìn, ẹni tí wọ́n ní kó jókòó. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, láti ìhà Ọ̀mù-Àrán. Ọmọ Òkun ni ẹ̀yin. Abuja ló kó wa pọ̀, Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́ kí n lè sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.

Ẹ kéde lọ́jọ́ náà pé láti sáà tó ń bọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní iṣẹ́ ọnà mọ́. Ẹ ní ọmọ mẹ́rin péré ló yàn án. Ẹ ní kọ́pà tó ń kọ́ wọn ti parí ìsìnlú, ó ti gba ìwé, ó ti lọ. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ni ẹ máa fi dí àyè rẹ̀. Ni bàbá kan ní iwájú bá ní, "Kí tiẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi ère ṣe?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, èmi náà rín díẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà wá korò lẹ́nu mi.

N kò bá kọ̀ǹpútà jà. Òun ni mo fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà báyìí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti amọ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ kò ká, ó yé mi, ohun gbogbo ti gbówó lórí. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ìyẹn ò béèrè ọ̀dà. Àwòrán mélòó kan àti olùkọ́ tó lè bi ọmọ léèrè pé "kí lo rí?" ti tó o. Kì í ṣe torí kí ọmọ lè di ayàwòrán. Torí kó lè mọ ohun tó ń wò kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Ohun tí mo fojú ara mi rí ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2017, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbé àwòrán kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Inú rọ́bà gbọọrọ kan ló ká a sí. Ó fà á yọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ ìkókó. Bébà tó nípọn ni, dúdú àti àwọ̀ erùpẹ̀ ló pọ̀ lára rẹ̀, bí èèyàn bá sì fi ìka tọ́ ọ, àwọn ilà inú rẹ̀ yọ sókè bí ojú àpá. Ó ní kí n fi férémù dúdú sí i, kí n fi gíláàsì bò ó, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Férémù kan tí mo ti kàn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bébà náà fi ìka méjì gùn jù ú lọ. Mo wo ìsàlẹ̀ bébà. Funfun lásán ni, àfi ohun tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Lápá òsì, 9/25. Láàárín, ọ̀rọ̀ méjì tí n kò lè kà. Lápá ọ̀tún, ilà kan tó lọ́ tó tún lọ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń dán pẹ́ńsù wò. Ìdọ̀tí ni mo pè é. Mo gbé rúlà irin lé e, mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fà. Àwòrán náà wọ férémù rẹ́gí. Mo tiẹ̀ tún fọwọ́ nù ún lójú gíláàsì, mo ń yin ara mi.

Bàbá dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó wò ó. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó tún yí ojú rẹ̀ padà. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní mo ti gé e, pé ó ti pọ̀ jù. Kò bú mi. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì dákẹ́ títí tí n kò fi mọ ibi tí mo lè kojú sí. Nígbà tó ṣe, ó wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ABD. Wọn kì í ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí bébà. Ara páànù ni oníṣẹ́ ọnà ti ń fín in, kó tó fi bébà tẹ̀ ẹ́ jáde. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló tẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ òun ni ìkẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ méjì àárín yẹn ni orúkọ àwòrán. Ilà tó lọ́ yẹn ni ìbuwọ́lùwé ẹni tó ṣe é. Ó ní, "O ti gé e lẹ́nu. Kò lè sọ ẹni tó bí i mọ́."

Ó san owó mi pé, kò yọ kọ́bọ̀. Kò sì padà wá mọ́.

Màmá, nígbà tí mo ṣe èyí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe férémù. Mo jáde ìwé mẹ́wàá. Mo mọ igi, mo mọ gíláàsì, mo mọ bí a ṣe ń gé igun kí ó má ṣí. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí rí láti kọ́ mi bí a ṣe ń ka ohun tí mo ń fi férémù sí. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ti wá ìrépé bébà náà rí. Mo fi í sábẹ́ gíláàsì tábìlì iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin, tó wà ní JSS3 lọ́dọ̀ yín, dúró ti tábìlì yẹn lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ parí. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó kàn bojú wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Dádì, ibo ni ìyókù rẹ̀ wà? Ìkẹsàn-án nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rèé." Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Kọ́pà yín ló ti kọ́ wọn. Ohun tí mo fi ìtìjú kọ́ lágbà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń fi ẹ̀pà lẹ́nu sọ ọ́.

Kọ́pà yẹn mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i nípa rẹ̀. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ogún náírà wá sí kíláàsì, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ọmọ mi gbé tirẹ̀ wá bi mí pé ta ni obìnrin yìí. Mo ní, "Obìnrin tó ń mọ ìkòkò." Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ ni mo bèèrè." Mo dákẹ́. Láti ọdún 2007 ni owó yẹn ti wà bó ṣe wà, mo ti ná a títí dìgbà tí kò ra nǹkan kan mọ́, n kò mọ ẹni tí mo ń ká sápò.

Ladi Kwali ni. Kwali náà sì ni Kwali tiwa yìí, ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń gbà kọjá bí a bá ń lọ sí Lokoja. Ọmọ Gbagyi ni, àwọn tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń gbé ẹrù léjìká dípò orí. Àwọn ìkòkò tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, kì í fi ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ mọ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò po, tó ń fi amọ̀ gbọọrọ lé amọ̀ gbọọrọ, lẹ́yìn náà tó máa wá fín alángbá, àkekèé, ejò àti ẹja sí i lára. Ààfin Ẹ̀míà ní Suleja, tó ń jẹ́ Abuja nígbà náà, ni òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, ti rí ìkòkò rẹ̀, kí obìnrin náà tó wá darapọ̀ mọ́ ilé ìkọ́ni-ní-ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1954 ló wọ ibẹ̀. Kò kàwé, síbẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1977. Títì tí òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Sheraton tẹ́lẹ̀ wà ní Wuse, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Mo ti gbé férémù gba títì yẹn kọjá àìmọye ìgbà, mo rò pé orúkọ ọkùnrin olówó kan ni.

Màmá, ẹ bi àwọn ọmọ tó wà ní SS3 lọ́la, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa ogún náírà.

Bàbá tó bèèrè ohun tí a fẹ́ fi ère ṣe, mo ní ìdáhùn fún un, láti Kaduna níhìn-ín. Ní Nok, ibi tí wọ́n ti ń wa tánńganran, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ère amọ̀ sísun nínú ilẹ̀ lọ́dún 1928. Nígbà tó di 1943, akọ̀wé kan ní ibi ìwakùsà lẹ́bàá Jema'a rí orí amọ̀ kan. Ó gbé e lọ sí oko iṣu rẹ̀, ó fi í ṣe orí ère tí a fi ń lé ẹyẹ. Odindi ọdún kan ni orí náà fi dúró nínú oòrùn àti òjò, tó ń lé ẹyẹ. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Jos tó ti kọ́ bí a ṣe ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ló rí i pé orí yìí àti ti Nok jọ ara wọn, ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe wá mọ̀ nìyẹn pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn èèyàn agbègbè yìí ti ń fi amọ̀ ṣe ojú èèyàn. N kò bú akọ̀wé náà o. Ta ni mo jẹ́, èmi tí mo fi ọ̀bẹ gé ìbuwọ́lùwé? Orí kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ojú tí wọ́n fi wò ó ni kò dọ́gba.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú ìpàdé yẹn tí kò rẹ́rìn-ín, tí tirẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀sìn. Ìyá kan sọ ọ́ sí mi létí níta pé ó yá bí wọ́n ṣe fẹ́ yọ ọ́, pé ère ti di òrìṣà jù. Mùsùlùmí ni mí, mo ń kírun, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo máa fojú di. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Èsìẹ́, ìlú kan nílẹ̀ Ìgbómìnà wa.

Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wa lọ wo ère Èsìẹ́. Òkúta ni gbogbo wọn, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, ọkùnrin àti obìnrin, púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání. Ẹni tó mú wa káàkiri sọ fún wa pé àlejò ni wọ́n, pé ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọba ni wọ́n ti di òkúta. Ẹ̀rù bà wá. Ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́kún. A padà sílé, ẹ̀rù yẹn nìkan ni a sì gbé wálé. Kò sẹ́ni tó ní kí a wo irun orí wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe dì í. Kò sẹ́ni tó ní kí a wo ilà ojú wọn, tàbí kí a bèèrè irú ọwọ́ wo ló gbẹ́ ẹ, irú irin wo ló lò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa, à bá mọ̀ pé èèyàn bíi tiwa ló ṣe é, ẹ̀rù náà ì bá sì fò lọ. Ìtàn iṣẹ́ ọnà kì í sọ ọmọ di abọ̀rìṣà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ òkúta kì í bẹ̀rù òkúta. Ẹ tún wò ó: ẹni tó mú ìròyìn àwọn ère yẹn jáde sí ayé lọ́dún 1933, Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS sì ni. Lọ́dún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní Kwara wa, ní òkè ọya níbí.

Ti iṣẹ́ oúnjẹ ńkọ́? Mo gbọ́ ìyẹn náà. N kò ní tan yín pé olówó ni gbogbo ẹni tó bá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní pápákọ̀ òfurufú wa. Òfin ọdún 1979 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde lórílẹ̀-èdè yìí láìgba ìyọ̀ǹda. Ó dára. Bí àpótí kan bá wá dé iwájú òṣìṣẹ́ náà, tí orí amọ̀ wà nínú rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá Nok ni tàbí èyí tí wọ́n mọ lánàá fún àlejò? Inú ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiyín ni ẹni náà ti máa jáde. Ọmọ tó máa di lọ́yà, èyí tó máa di oníròyìn, kódà èyí tó máa di oní-férémù, gbogbo wọn ni nǹkan yìí máa bá pàdé. Ní Abuja yìí kan náà ni Jámánì ti gbé iṣẹ́ ọnà Benin ogún wá fún wa ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ọmọ tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó yẹ kó lè sọ ìdí tí wọ́n fi lọ àti ohun tí wọ́n jẹ́.

Ẹ ní ọmọ mẹ́rin kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ní ilẹ̀ England, AQA, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ girama wọn, kéde lọ́dún 2016 pé òun ò ní ṣe ti ìtàn iṣẹ́ ọnà mọ́. Ariwo ta. Kí ọdún náà tó parí, Pearson, tí òun náà ń ṣe ìdánwò, gbà á ṣe. Èyí ni ilẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ère orí tí wọ́n hú ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 ń gbé, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní London. Àwọn tó ní orí wa nílé ń jà kí ọmọ wọn má ṣíwọ́ kíkọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí náà sì ti pẹ́ nílẹ̀. Aina Onabolu, ayàwòrán, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń bẹ ìjọba amúnisìn nígbà náà pé kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà wọ ilé-ẹ̀kọ́, òun fúnra rẹ̀ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ wọn. Lọ́dún 1927 ni wọ́n tó rán Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, wá láti dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ ló bí ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀bẹ̀ náà ni èmi ń bẹ̀, n kò tijú.

Ẹ̀yin tiẹ̀ ni ó yẹ kí ó dùn jù, Màmá. Jimoh Akolo, ayàwòrán, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ọmọ Òkun bíi tiyín, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Keffi ló lọ. Keffi yìí, tí ọkọ̀ Nyanya ń lọ láàárọ̀! Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan, Dennis Duerden, ti rí ọwọ́ rẹ̀ tó sì tì í lẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ló ti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ní sáà kan náà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà níbẹ̀, àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1958 torí pé ọgbọ́n Yúróòpù nìkan ló gba iwájú nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, tí ti baba wọn kò ní àyè. Akolo kun àwọn ẹlẹ́ṣin Fúlàní, ó sì padà di olùkọ́ àwọn olùkọ́. Bí wọ́n bá ti ní ọmọ tó yàn án ní Keffi kéré nígbà yẹn ńkọ́?

Ohun tí mo lè ṣe rèé. Mo máa ṣe férémù méjìlá, pẹ̀lú gíláàsì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yan àwòrán méjìlá, Nok, Ifẹ̀, Èsìẹ́, ìkòkò Kwali, ilé amọ̀ alárànbarà ti Zaria, ohun tó bá wù ú. Mo máa san owó títẹ̀ wọn, mo máa gbé wọn kọ́ sí ara ògiri kíláàsì. Bí ọmọ mẹ́rin kò bá tó kíláàsì, ẹ da àwọn SS1 àti SS2 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì bèèrè àgùnbánirọ̀ mìíràn tó kàwé nípa rẹ̀. Àwọn òbí mẹ́ta ti bá mi sọ̀rọ̀ pé àwọn máa dá owó ọkọ̀ kí àwọn ọmọ lè lọ sí Suleja lọ wo ibi tí Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́. Láti Kubwa, kò jìnnà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago kan, n kì í padà ṣí i lẹ́yìn ìrun. Bí ẹ bá ní kí n wá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, màá mú tẹ́ẹ̀pù dání kí n wọn ògiri náà. Ọmọ mi ní kí n mú ìrépé bébà 9/25 yẹn lọ́wọ́ pẹ̀lú, pé òun fẹ́ fi han àwọn mẹ́ta yòókù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá oní-férémù, Kubwa